Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Pa Adìẹ

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, bí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn: "Ọyẹ́ ti dé." Wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, wọ́n á ní ọdọọdún ló máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì dúró de òjò kí wọ́n tó ra adìẹ mìíràn. Èrò yìí kò ṣàdédé wáyé, nítorí lóòótọ́ ni ikú adìẹ máa ń pọ̀ lákòókò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n pé nǹkan méjì jọ ń ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Kò sí àrùn tàbí kòkòrò kan tó ń bá adìẹ jà tí kò ní ọ̀nà pàtó tó ń gbà wọlé. Àwọn ọ̀nà náà kò pọ̀, a sì mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá dí wọn kò ní náwó tó ẹni tó dúró títí adìẹ fi dùbúlẹ̀ kó tó sáré lọ ra oògùn.

Ọ̀tá mẹ́ta, ohun ìjà mẹ́ta

Kí a tó dí ọ̀nà, ó yẹ ká mọ ẹni tó ń gbà á. Ohun tó ń bá adìẹ ẹ̀yìnkùlé jà pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn fáírọ́ọ̀sì: lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, Gumboro, tó ń ba agbára tí òròmọdìẹ fi ń gbógun ti àrùn jẹ́, àti irú ìgbóná kan tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀, tó ń hu èépá sí ogbe, ojú àti ẹnu adìẹ. Kò sí oògùn tó ń pa èyíkéyìí nínú wọn lẹ́yìn tó bá ti wọ ara. Àjẹsára ló ń bá wọn jà, ó sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára adìẹ kí wọ́n tó dé. Ìkejì ni àwọn bakitéríà, irú èyí tó ń fa taifọ́ọ̀dù adìẹ. Àwọn yìí ni oògùn apa-bakitéríà lè ràn, bí dókítà ẹran bá ti yẹ adìẹ wò tó sì ti sọ èyí tó yẹ. Ìkẹta ni àwọn àfòmọ́, ìyẹn àwọn kòkòrò tó fi ara adìẹ ṣe ilé tí wọ́n sì ń jẹ lára rẹ̀. Àwọn kan ń gbé inú ìfun, bí aràn. Àwọn mìíràn ń gbé abẹ́ ìyẹ́, bí iná. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé inú ilé adìẹ ni wọ́n ń gbé, òru nìkan ni wọ́n ń wá jẹun. Ìmọ́tótó ilé adìẹ àti oògùn tó bá kálukú wọn mu ló ń bá àwọn wọ̀nyí jà.

Ìpínsísọ̀rí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá. Bí adìẹ bá ti kọ oúnjẹ ní àárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán, ẹni tó ni ín ti tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, ìyẹn tẹtirasáíkílììnì, sínú omi tí adìẹ ń mu. Bakitéríà ni kápúsù yìí ń bá jà. Bó bá jẹ́ lùkúlùkú ló ń ṣe adìẹ náà, kápúsù kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Adìẹ tó bá yè, ara rẹ̀ ló bá a là á já, ṣùgbọ́n kápúsù ni wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún rà á lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, oògùn náà ń wọ inú ẹyin àti ẹran tí a óò jẹ. Bakitéríà tó bá sì ń rí ìwọ̀nba oògùn díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo lè di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́, ì báà jẹ́ lára adìẹ, ì báà jẹ́ lára ènìyàn.

Bí lùkúlùkú ṣe ń rìn

Ọdún 1926 ni àwọn onímọ̀ rí àrùn yìí ní erékùṣù Java tó wà ní Indonesia àti ní ìlú Newcastle-upon-Tyne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ jẹ́ ti Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Ẹ kíyè sí oṣù wọ̀nyẹn: àárín ọyẹ́ gan-an ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn ọyẹ́ lè di èyí mú bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Java kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọyẹ́, Newcastle náà kò mọ̀ ọ́n. Àrùn tó lè pa adìẹ nínú ọ̀rinrin Java, tó tún lè pa á nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè jẹ́ ọmọ afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àkókò ọyẹ́ ló ń le jù níbí? Ọjà ni. Àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun ni adìẹ ń rìn jù lọ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń kó wọn láti ìlú dé ìlú nínú àgò, wọ́n ń kó ti abúlé yìí pọ̀ mọ́ ti abúlé ọ̀hún, wọ́n sì ń gbé èyí tí kò bá tà padà sílé. Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Bí adìẹ ilé kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n yára kó ìyókù lọ sọ́jà kí owó má baà ṣòfò. Lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara adìẹ, ó lè lo ọjọ́ 2 sí 15 kí àmì kankan tó hàn. Adìẹ tó dúró ṣinṣin lọ́jà, tó ń ṣẹ́jú, tó ń jẹ àgbàdo, lè ti gbé ikú gbogbo agboolé ẹni tó máa rà á sára. Ọyẹ́ kò ṣàìní ipa tirẹ̀: òtútù òru àti eruku a máa tán adìẹ lókun, ara tí kò lókun kì í sì í dúró de àrùn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ bá àrùn tó ti wà nílẹ̀ ni. Òun kọ́ ló gbé e wọlé.

Bí ó bá ti wọlé, ìgbẹ́ adìẹ, ikun imú rẹ̀ àti omi tí wọ́n jọ ń mu ni ó ń bá dé ara àwọn yòókù. Bàtà ẹni tó ti ọjà adìẹ dé, àgò tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyẹ́ àti ìfun adìẹ tí wọ́n dà sẹ́yìn ilé, gbogbo wọn lè gbé e. Pẹ́pẹ́yẹ pàápàá lè ní in lára kó má sì ṣàìsàn. Adìẹ tó bá kó o á máa mí gúlegúle, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, ẹyin á dáwọ́ dúró, àwọn kan á sì yí ọrùn tàbí kí wọ́n rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Níbi tí kò bá sí àjẹsára, ó lè kó gbogbo adìẹ ilé lọ pátá.

Àjẹsára: ohun tó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Àjẹsára dà bí ìgbà tí a fi àwòrán olè han ọdẹ àdúgbò kí olè náà tó wá. Ọdẹ tó ti mọ ojú rẹ̀ kò ní dúró bi í léèrè ibi tó ń lọ. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ, tàbí tí kò lágbára láti ṣe adìẹ ní jàǹbá, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ara adìẹ á kọ́ bí a ti ń bá a jà lára èyí tí kò lè pa á. Ẹ̀kọ́ náà ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Níbí ni ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan àjẹsára, pé òun gan-an ló ń pa adìẹ, ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó dúró títí àrùn fi wọ àdúgbò kó tó lọ gba àjẹsára ń fún adìẹ tí fáírọ́ọ̀sì ti wà lára rẹ̀. Bó bá kú ní ọjọ́ kẹrin, àrùn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ló pa á, kì í ṣe àjẹsára tí wọ́n fún un.

Ní Nàìjíríà, Ilé Ìwádìí Ìṣègùn Ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe àjẹsára lùkúlùkú. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. LaSota, tí wọ́n sábà máa ń fún adìẹ nínú omi, fẹ́ ibi tútù, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ilé tí wọ́n ti ṣe é títí di ìgbà lílò rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì lásán, tàbí tí iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ méjì, omi lásán ló kù. Omi ẹ̀rọ tó ní klórínì náà ń pa á. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi òjò ló dára. Fún adìẹ ẹ̀yìnkùlé, èyí tó rọrùn jù ni àjẹsára tí wọ́n ń pè ní I-2, tí Yunifásítì Queensland ní Australia ṣe nítorí àwọn abúlé tí kò ní fíríìjì. Èyí tó bá jẹ́ gbígbẹ lè wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ooru ìwọ̀n 28 láìbàjẹ́. Èyí kò ní ká gbé e sínú oòrùn, ṣùgbọ́n ìrìn àjò láti ìlú dé oko kò ní í bà á jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìẹ bá ti wọlé sùn, ló dára jù láti fún wọn ní I-2. Ẹnì kan á gbá adìẹ mọ́ àyà, á yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú kan kọ sókè. Ẹnìkejì á kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú náà. Wọn kò ní fi adìẹ sílẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́jú tí ẹ̀kán náà á sì wọlé. Bó bá ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, adìẹ yẹn kò tíì gbà á, wọ́n ní láti tún un kán. Àtàgbà àtòròmọdìẹ, ẹ̀kán kan náà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n á tún un ṣe, torí àwọn òròmọdìẹ tuntun á ti wà, ti àwọn àgbà náà á sì ti máa rẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàìsàn lọ́wọ́ kì í gbà á.

Ilẹ̀ tútù, ilé àwọn tó ń gbé inú ìfun

Àjẹsára lùkúlùkú kò mọ nǹkan kan nípa aràn. Ọ̀nà ti àwọn àfòmọ́ inú ìfun ń gbà yàtọ̀: láti inú ìgbẹ́ dé ilẹ̀, láti ilẹ̀ padà sí ẹnu. Èyí tó ń pa òròmọdìẹ jù nínú wọn ni coccidia, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń dojú kọ. Òròmọdìẹ á ká ara jọ, ìyẹ́ rẹ̀ á dìde, ẹ̀jẹ̀ á sì hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹyin coccidia tó bá ìgbẹ́ jáde kò lè ṣe adìẹ ní nǹkan kan ní ojú ẹsẹ̀; ó ní láti kọ́kọ́ gbó nílẹ̀, bí ibẹ̀ bá sì gbóná tó tún tutù lómi, ọjọ́ kan sí méjì ti tó o. Oògùn ìfọlẹ̀ tí à ń rà lọ́jà kì í sábà ran ẹyin yìí, torí awọ rẹ̀ yi. Ohun tí kò lè fara dà ni gbígbẹ. Ìdí nìyí tí ibi tí agbada omi ń dà sí fi léwu ju ibikíbi lọ nínú ilé adìẹ. Kí a gbé agbada lé orí búlọ́ọ̀kù, kí a máa kó ẹ̀rún pákó tó bá ti tutù dànù kí a sì fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, kí òrùlé má sì jo: ohun mẹ́ta wọ̀nyí ń gba òròmọdìẹ là ju oògùn lọ. Oògùn amprolium wà fún èyí tó bá ti mú wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó.

Aràn gbọọrọ ń gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n kì í yára. Ẹyin tirẹ̀ ń lo bí ọjọ́ 10 sí 20 nílẹ̀ kó tó lè ran adìẹ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gbá ilé adìẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dànù kí wọ́n tó gbó. Ti aràn pẹlẹbẹ tó gé lẹ́sẹẹsẹ tún yàtọ̀, torí kì í ti ilẹ̀ wọ ẹnu adìẹ tààrà. Èèrà, yímíyímí tàbí eṣinṣin ló máa kọ́kọ́ gbé ẹyin rẹ̀ mì, adìẹ á wá ṣa kòkòrò náà jẹ. Piperazine tí ọ̀pọ̀ ń rà, tí wọ́n rò pé ó ń pa gbogbo aràn, aràn gbọọrọ nìkan ló ń lé. Kò ran aràn pẹlẹbẹ rárá. Ẹni tó bá ń rí nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì tó ń rìn lórí ìgbẹ́ adìẹ, tó sì ń da piperazine sómi lóṣooṣù, owó rẹ̀ ń ṣòfò ni. Kó béèrè oògùn tí aràn pẹlẹbẹ wà nínú ohun tó ń pa, kó sì béèrè iye ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹyin àti ẹran adìẹ náà.

Abẹ́ ìyẹ́ àti inú ihò igi

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ara adìẹ rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó mú adìẹ, kó fẹ́ ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó sì wo awọ ibẹ̀. Á rí kòkòrò aláwọ̀ ìyeyè tó ń sá kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, á sì rí ẹyin funfun tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́ bí iyọ̀. Ara adìẹ ni iná ń gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ara adìẹ ni a ti ń bá a jà. Oògùn ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún adìẹ la ó fi wọ́n abẹ́ ìyẹ́ àti abẹ́ apá, a ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, torí oògùn kì í pa ẹyin, àwọn ọmọ tó bá sì pa lẹ́yìn rẹ̀ la fẹ́ bá.

Ṣùgbọ́n kòkòrò pupa wínníwínní kan wà, àti eégbọn adìẹ, tí àyẹ̀wò ọ̀sán kì í fi hàn. Inú pàlàpálá igi tí adìẹ ń sùn lé àti ihò ògiri ni wọ́n ń sá sí lójúmọmọ. Òru ni wọ́n ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ igi náà lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí a fi ìka ra á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yí ìka, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi oògùn ra adìẹ tí kò fọwọ́ kan ilé, kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ilé adìẹ tí a pa tì fún oṣù kan kò tíì mọ́. Igi náà ni ká yọ síta, ká da omi híhó sí pàlàpálá rẹ̀, ká sá a sóòrùn, ká sì dí àwọn ihò ògiri. Eérú gbígbẹ tí a pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó kúnná sínú kòtò kan, tí òjò kò lè dé, á jẹ́ kí adìẹ máa fi yí ara fúnra rẹ̀, èyí sì ń dín kòkòrò kù. Ohun tí kò yẹ ká gbọ́ rárá ni pé wọ́n fi ọ̀tàpíàpíà tàbí epo bẹntiróòlù wẹ adìẹ. Dichlorvos tó wà nínú ọ̀tàpíàpíà ń gba awọ ara àti èémí wọlé, ó lè pa adìẹ, ó sì lè ṣe ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ní jàǹbá.

Adìẹ àlejò àti adìẹ tó kú

Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́kù. Àkọ́kọ́ ni adìẹ tuntun. Níwọ̀n bí lùkúlùkú ti lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 15, ó yẹ kí adìẹ tí a rà lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú àgò tirẹ̀, níbi tó jìnnà sí àwọn onílé, kí ó ní agbada omi tirẹ̀, kí a sì máa bọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá ti bọ́ àwọn onílé tán. Láàárín ìgbà náà la ó yẹ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò, tí a ó sì fún un ní oògùn aràn. Èkejì ni adìẹ tó kú. Bí a bá jù ú sí gọ́tà tàbí igbó, ajá á wọ́ ọ kiri, àwọn adìẹ mìíràn á sì lọ ṣa ìdin ara rẹ̀ jẹ. Kí a sin ín jìn tàbí kí a sun ún. Pípa èyí tó ń ṣàìsàn jẹ kò bójú mu, pàápàá láti oṣù Kejì ọdún 2006 tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ní Nàìjíríà, ní Kaduna, torí ìyẹn lè ran ènìyàn. Bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá kú lójijì, kí a sọ fún àwọn dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín H5N1 àti lùkúlùkú.

Èsì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan á ní adìẹ ìbílẹ̀ le, pé ti òyìnbó ló nílò àjẹsára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: adìẹ ìbílẹ̀ ń fara da ooru àti ebi ju ti òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ mọ́ lùkúlùkú nínú ìyẹn, ẹni tí lùkúlùkú ti kó adìẹ rẹ̀ lọ pátá lásìkò ọyẹ́ kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé ewúro, àlùbọ́sà àti ata. Ewé lè mú adìẹ jẹun dáadáa, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má fún un. Ohun tí kò ṣe ni pé kò fi ojú fáírọ́ọ̀sì han ara adìẹ ṣáájú, kò sì kó ìgbẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, kó máa lò ó kún iṣẹ́ náà, kó má fi rọ́pò rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Ìgò àjẹsára kan lè jẹ́ ti adìẹ 50, 100 tàbí 200. Ẹni tó ní adìẹ 8 á ní kí lòun fẹ́ fi ìyókù ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí àrùn ṣe ń rìn. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé kò mọ ààlà. Ti Màmá Sikírù ń jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Káyọ̀dé, wọ́n jọ ń mu omi gọ́tà kan náà. Kò wúlò tó kí ilé kan gba àjẹsára kí márùn-ún yòókù má gbà á. Bí ilé mẹ́fà bá dá owó jọ ra ìgò kan, tí wọ́n sì kán an fún gbogbo adìẹ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, owó tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní tó iye adìẹ kan. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà ti wọ adìẹ lára kí ọjà Kérésìmesì tó gbòde. Lẹ́yìn náà, oṣù Kejì, lẹ́yìn náà, oṣù Kẹfà. Ìyókù, ìyẹn ìgbálẹ̀, eérú, búlọ́ọ̀kù abẹ́ agbada àti àgò àlejò, kò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ.